Ohun Tí Marimar Sọ fún Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì ti mú mi búra pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú agboolé. Mo búra. Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo nà án sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ṣé inú agboolé wa lẹ wà ni? Ẹ sún mọ́bí. Bó bá bi yín, ẹ ní atẹ́gùn ló gbé e wá.

Rédíò ni wọ́n ń pè mí ní Ko-Koumolou níbí, ní ilẹ̀ Benin. Kò dùn mí rárá. Gbogbo ẹni tó ń fi Rédíò bú mi ló máa ń yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀, tí á ní òun wá tọrọ iyọ̀, tí á wá fìdí kalẹ̀ títí iyọ̀ ọ̀hún á fi yọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó lẹ́yìn ilé Ìyá Elépo lálẹ́, pàápàá nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gẹ́ fún gaàrí. Èmi, Ìyá Ìbejì, Ìyá Elépo fúnra rẹ̀, àti Màmá Olùkọ́, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, tó wá sinmi sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọmọge, ọ̀rọ̀ ọkọ la máa ń sọ. Nígbà tó yá, ó di ọ̀rọ̀ ọmọ. Báyìí, orúnkún la ń sọ. Orúnkún ọ̀tún Ìyá Ìbejì kì í jẹ́ kó kúnlẹ̀ kí àna mọ́; ó ní kí wọ́n máa gba ti òsì ná. Ìyá Elépo ní tirẹ̀, ooru ló ń mú un lóru, nínú ọyẹ́ tí gbogbo ayé ń daṣọ bora. Lóru ọjọ́ kan ó jí ọkọ rẹ̀ pé kó dìde kó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òun. Bàbá náà ní ṣé ọba ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fẹ́ ẹ. (Ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé mo dúró síbẹ̀ o, ibẹ̀ ni mò ń gbà kọjá.) Ti Màmá Olùkọ́ ni dígí ojú tó máa ń wá káàkiri ilé nígbà tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ló wà.

Bí ọ̀rọ̀ orúnkún bá ti tán, ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n yà síbì kan kí n tó débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wo fíìmù nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàdàn lọ́hùn-ún, wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà Awólọ́wọ̀. Tiwa ní Kutọnu, ọdún 1978 ti ń palẹ̀ mọ́ gan-an, ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀, kó tó tàn. Pé ó sì tàn ní Kutọnu kò ní kó tàn ní Ko-Koumolou. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wọ agboolé wa ni Bàbá Oníbodè. Kì í ṣe aṣọ́bodè o. Ó kàn máa ń bá àwọn èèyàn gbé ẹrù kọjá bodè ní Igolo ni, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Èkó ló ti rà á, alágbà dúdú-àti-funfun kan báyìí. Ó fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ wé e, ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń rọra tì í bọ̀ bí ẹni ń mú ìyàwó tuntun wálé. Ìyàwó rẹ̀ tó ni aṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fajú ro.

Bátìrì mọ́tò ló ń lò. Bí bátìrì bá ti ń kú lọ, àwòrán á máa sún kì, sún kì, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa kéré, a ó sì máa sún mọ́ ọn títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Orí ọparun gígùn kan ni áńténà wà lẹ́yìn ilé. Ọmọkùnrin kan á dúró sí ìdí ọparun, ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwa tó kù á wà nínú ilé.

"Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó dé! Ó tún ti lọ! Dá a padà! Díẹ̀ sí i! Ó dúró! Má kúrò níbẹ̀! Má mí!"

Ọmọ náà á sì dúró síbẹ̀, á di ọparun mú títí fíìmù á fi parí, ẹ̀fọn á sì máa jẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ilé wa ló ti gbọ́ fíìmù tí wọn ò rí rí.

Bí a bá kọjú áńténà sí ìlà oòrùn, Abẹ́òkúta àti Èkó ló ń bọ̀. Bí a bá yí i sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, Kutọnu ni. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe àwòrán nìkan ló ń yí o. Ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ilé ń bá a yí ni.

Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta, àwa òbí la nilé. Bàbá Sálà á yọ, tòun ti dígí ojú ràgàjì àti aṣọ tó tóbi jù ú lọ, yóò sọ̀rọ̀ kan, àgbàlagbà á bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ á máa wo ẹnu wa. Wọ́n gbọ́ Yorùbá náà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi wá, a ó ní kí wọ́n lọ bu omi wá ná, bí wọ́n bá dé a ó sọ fún wọn. Bí wọ́n bá dé, ó ti kọjá.

Bó bá wá jẹ́ Kutọnu, Faransé ni. Gbogbo àgbà á dákẹ́ wẹ́lo, a ó máa wo ẹnu ọmọ. Ẹ rántí pé nílé-ìwé ayé ijọ́un, ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní signal kọ́ ọ lọ́rùn kí ojú lè tì í. Ọmọ kan náà tí wọ́n dójú tì lọ́sàn-án nítorí pé ó sọ Yorùbá, òun là ń bẹ̀ lálẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá. Ta ni kò ní yájú?

Nínú agboolé wa, Kẹ́hìndé, ọmọ Ìyá Ìbejì, ló gba oyè ògbufọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Obìnrin ni Táíwò, ọkùnrin ni Kẹ́hìndé, òun sì ni àgbà gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀. Táíwò kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Bí ẹ bá bá a pàdé lónìí, ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni Marimar dé. Àwọn ará Mẹ́síkò ló ṣe é ní 1994, ọmọge kan tó ń jẹ́ Thalía ló ṣe Marimar fúnra rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe mú ayé tó. Wọ́n ní ní Abidjan, àwọn mọ́ṣáláṣí kan fa àsìkò ìrun síwájú nínú ààwẹ̀, kí àwọn èèyàn lè kírun kí wọ́n sì bá Marimar. Níbí, Bàbá Oníbodè, tó ti ra aláwọ̀ nígbà náà, ń gba fáránkì 25 lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ìtàn náà kò le. Ọmọ tálákà kan ń gbé létí òkun pẹ̀lú bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀. Sergio, ọmọ olówó, fẹ́ ẹ láti fi bí bàbá tirẹ̀ nínú. Angélica, ìyàwó bàbá Sergio, fojú ọmọ náà rí màbo. Wọ́n dáná sun ilé mọ́ àwọn arúgbó yẹn lórí. Marimar bá lọ, ó padà di olówó, ó wá gbẹ̀san. Ó sì ní ajá kan, Pulgoso, tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fọkàn sí ajá yẹn.

Èyí tí mo sọ yìí, lọ́dún yìí ni mo tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí Kẹ́hìndé sọ fún wa yàtọ̀.

Lójú tiwa, dókítà eyín ni Sergio. Kẹ́hìndé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sergio fa Marimar mọ́ra tó sì gbẹ́nu lé e lẹ́nu, gbogbo ilé dákẹ́, Ìyá Ìbejì ní, "Kẹ́hìndé, kí ló ń ṣe fún un yẹn?" Ọmọ náà ní, "Màmá, ó ń wo eyín rẹ̀ ni." Ìyá Elépo ní, "Ṣé ẹnu ló fi ń wò ó?" Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mẹ́síkò nìyẹn, Mà." A gbà. Bí Sergio bá ti yọ, a ó ní, "Dókítà ti dé." Ọ̀rọ̀ eyín Marimar wá ń kó wa lọ́kàn sókè, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí dókítà kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Elépo ló kọ́kọ́ fura. Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ títí, ó ju ọwọ́ síbí, ó ju ọwọ́ sọ́hùn-ún, Kẹ́hìndé ní, "Ó ní rárá." Ìyá Elépo ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, rárá nìkan ni?" Ọmọ náà ní, "Faransé a máa gùn ju Yorùbá lọ, Mà."

Ajá yẹn ló wá gbádùn jù lọ fún un. Ajá kì í ju ẹnu bí èèyàn, ohùn rẹ̀ á kàn máa jáde ni, ta ni yóò wá dán Kẹ́hìndé wò? Ajá ní kò dára kí wọ́n máa rán ọmọdé lómi lálẹ́. Ajá ní orí ẹja ń la ọpọlọ ọmọ tó ń kàwé. Ajá ní ìyá tó bá ń gbá ọmọ lórí, ọmọ náà á gbàgbé ìṣirò. Ìyá Ìbejì mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí i, ajá ará òkè òkun gan-an." Láti ọjọ́ náà kò gbá wọn lórí mọ́. Ìdí ló ń nà. Ajá kò tíì sọ̀rọ̀ lórí ìdí.

Màmá Olùkọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nílé-ìwé wa nígbà yẹn kò lè gbọ́ ìdajì ohun tí àwọn ará Marimar ń sọ. Ìyókù, ọgbọ́n orí ni. Ọmọ kò kúkú fẹ́ẹ́ purọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò kàn fẹ́ kí wọ́n gba àpótí tó ń jókòó lé níwájú ni.

Ó wá ku Adúmáadán. Orúkọ tí àwa ìyàwó ilé fún àbúrò Bàbá Ìbejì obìnrin nìyẹn, ẹ mọ̀ pé a kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Èkó ló ń gbé, ní Agége. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ ànkárá, mílíìkì àti tín Bournvita ńlá kan tí gbogbo ọmọ agboolé dúró yí ká. Ó jẹun, ó fọwọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, Táíwò ni mo wá mú. Á máa bá mi gbé ọmọ, n ó sì fi í sílé-ìwé."

Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ìyẹn. Àwọn Fọ̀n ní orúkọ fún un, vidomègon, ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi náà lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí bàbá mi ní Sakété, mo jẹ ìyà díẹ̀, mo jẹ ẹran púpọ̀. Àwọn mìíràn ń jẹ ìyà nìkan. Ìyá Ìbejì kò fẹ́, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa wí fún ọmọ ọkọ pé rárá? Bàbá Ìbejì ní kí Táíwò di ẹrù rẹ̀. Ó dì í. Aago márùn-ún ìdájí ni Adúmáadán fẹ́ gbéra láti lọ gba Igolo.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Marimar wà. Adúmáadán náà wá jókòó láàárín wa. Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ Faransé rárá. Èyí tí wọ́n ṣe lálẹ́ yẹn ni èyí tí Angélica ju ẹ̀gbà ọwọ́ sínú ẹrẹ̀, tó ní kí Marimar fi eyín mú un jáde. Ẹni tó bá wò ó kò lè gbàgbé. Ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ kún un lẹ́nu, ó ń sunkún. Kẹ́hìndé dìde dúró lórí àpótí rẹ̀. Kò tíì dìde dúró rí.

Ó ní, "Marimar ní: ìyá mi ló fi mí ránṣẹ́ síbí. Wọ́n ní wọn ó fi mí sílé-ìwé."

Kò sí ẹni tó mí.

Ó ní, "Ajá ní: ìbejì ni Marimar. Èkejì rẹ̀ wà nílé. Èyí tó wà nílé yẹn kò jẹun mọ́, ó ti ń ṣàìsàn, ó sì máa kú."

Ẹ bi mí pé ajá Mẹ́síkò wo ló mọ̀ nípa ìbejì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbẹ̀. Bàbá Ìbejì tó jẹ́ pé bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni, ó dìde, ó da aṣọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Táíwò ò lọ mọ́." Adúmáadán ní, "Bùọ̀dá mi, nítorí ajá?" Ó ní, "Bí ajá bá lè ronú débẹ̀, èmi ńkọ́?" Ó wọlé lọ.

Adúmáadán kò dúró di aago márùn-ún. Ó fi ànkárá sílẹ̀, ó fi mílíìkì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé tín Bournvita rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ṣí i. Láti ọjọ́ náà, òun àti Ìyá Ìbejì kò kí ara wọn mọ́. Bí ìnáwó bá wà, ọ̀kan á gba iwájú wọlé, èkejì á gba ẹ̀yìn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ariwo ta ní Kutọnu lórí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno, tí wọ́n ní ó kó ọmọdé lọ ṣiṣẹ́ ní Gabon. Gbogbo rédíò ayé ló sọ ọ́. Ní 2003, wọ́n kó ọmọ tó lé ní 200 padà sí Benin láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ó di 2006 kí ìjọba Benin tó ṣe òfin lórí mímú ọmọ kúrò nílé. Gbogbo ìgbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé ni Ìyá Ìbejì á ní, "Ẹ wo ohun tí Marimar sọ." Kì í ṣe pé Adúmáadán burú o. Ó tọ́ ọmọ ẹlòmíì méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀kan ti di nọ́ọ̀sì. Èmi kì í ba èèyàn jẹ́, òótọ́ ni mo ń sọ.

Kí n má gbàgbé, Ma famille náà dé ní 2002, ti àwọn ará Ivory Coast. Gohou inú rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Akissi Delta tó dá a sílẹ̀ kò rí ilé-ìwé lọ. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé àbúrò òun ni, ó ní, "Kò mọ̀wé, gbogbo ayé sì ń wò ó! Ta ló wá ń ṣe ògbufọ̀ fún un?" Kẹ́hìndé wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ayé ti yí báyìí. Kò sí ọparun mọ́. Dékódà méjì ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n Ìyá Elépo, Canal+ fún Faransé, GOtv fún Yorùbá, rìmóòtù méjèèjì sì wà lábẹ́ itan ọkọ rẹ̀. Ìpókíá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí ọkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni. Àwọn ọmọ tó bí, Benin ni wọ́n. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, tí Nàìjíríà àti Benin pàdé ní Abidjan, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, bàbá náà fò sókè, ó jó. Kó tó jókòó dáadáa, Benin ti dá a padà, wọ́n tún fi ìkejì lé e. Rohr, ará Jámánì tó ti kọ́ Nàìjíríà ní bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, ló ń kọ́ tiwa. Bàbá náà ní olè ni. Kò jẹun alẹ́. Àfi ìgbà tí Nàìjíríà wá fún wa ní 4 sí òdo ní Uyo, ní oṣù kẹwàá 2025, tí Osimhen nìkan jẹ 3 níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ oúnjẹ tirẹ̀, ó tún jẹ tàwọn ọmọ.

Nígbà tí Nàìjíríà sì ti bodè ní oṣù kẹjọ 2019, ìrẹsì ò kọjá, àna ò kọjá. Ti Ìdí-Ìrókò lọ́hùn-ún, ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ọ̀gá Bello, òṣèré fíìmù Yorùbá, nìkan ló ń kọjá lójú ọ̀run lójoojúmọ́ láìsan kọ́bọ̀, ó ń bọ́ sínú pálọ̀ Ìyá Elépo. Epo ọkọ̀ kpayo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà náà ńkọ́? Láti ìgbà tí Tinubu ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ó ti gbówó lórí débi pé bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ju ìdajì fíìmù lọ. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló wà tí a mọ ẹni tó ṣẹ̀, a ò mọ ẹni tí wọ́n mú.

Ó dáa. A wà níbi ẹ̀gẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ. Ọmọ Táíwò, tó ń jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, ń fọwọ́ yí fóònù, ohùn kan jáde. Ìyá Ìbejì ju ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Marimar mi nìyẹn!" A pagbo yí fóònù ká. Sergio yọ. Àwa mẹ́ta pariwo pọ̀, "Dókítà!"

Màmá Olùkọ́ ní, "Dókítà wo?"

"Dókítà eyín ni."

Màmá Olùkọ́ fa dígí bọ̀ láti orí sójú. (Àjàṣẹ́ ló wà nígbà ayé Marimar, kò bá wa wò ó rí.) Ó wò ó títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé dókítà eyín ni?" Ìyá Ìbejì ní ọmọ òun ni. Ìyá Elépo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láti inú ikùn, ẹ̀rín tó ti ń dúró ó lé ní ọdún 25. Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà wá ibi ẹrẹ̀ jáde. Ọmọ náà wá a, ó pẹ́ kó tó rí i, mẹ́gà ń jó lọ. Ó rí i. Màmá Olùkọ́ ń sọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Angélica ní bó bá fẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́, kó fi eyín mú un.

"Ìbejì ńkọ́?"

"Ìbejì wo?"

"Èyí tó wà nílé, tó ń ṣàìsàn."

Màmá Olùkọ́ ní kò sí ìbejì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá Ìbejì pe Kẹ́hìndé níbẹ̀ lójú wa. Kutọnu ló wà, ó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ẹrù ní èbúté. Ó fi í sí ariwo, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ajá sọ?"

"Ajá wo, Màmá?"

"Ajá Marimar. Lálẹ́ tí Adúmáadán wá."

Ọmọkùnrin náà dákẹ́, a rò pé ẹ̀rọ ti já. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. N ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo ti rí báàgì Táíwò lẹ́nu ọ̀nà ni."

Ìyá Ìbejì ní, "Ó dáa." Ó tún ní, "Orí ẹja ńkọ́?"

Ó ní, "Orí ẹja, irọ́ nìyẹn, Mà."

Mo ti rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, kí gbogbo wa sunkún díẹ̀ ká lọ sùn. Mo gbàgbé Táíwò. Ifangni ló ti ń ránṣọ, ó ní ọmọ iṣẹ́, kò sì sí oníbàárà tó lè bá a nájà borí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀ (ẹ má wò mí, n kò mọ ẹni tó sọ fún un), ó gun alùpùpù zém wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ta ló ní n ò fẹ́ lọ? Èmi fẹ́ lọ sí Èkó! Mo ti kí àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ó dìgbà! Gbogbo ọdún yìí, Adúmáadán ni mò ń bínú sí pé ó fi mí sílẹ̀!" Ó ní Kẹ́hìndé jẹ òun ní Èkó, kó sì san án.

Agboolé pín sí méjì. Ìyá Elépo wà lẹ́yìn Táíwò, ó ní kò sí ẹni tó bi ọmọ náà léèrè, bàbá kò bi í, ìyá kò bi í, ajá kò bi í. Màmá Olùkọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ ohun tó ń bẹ níwájú. Ìyá Ìbejì kò sọ nǹkan kan, ẹ̀gẹ́ ló ń bó, ó ń bó o kọjá èèpo. Tèmi? Táíwò rí owó jẹ lónìí, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Bó bá lọ nígbà yẹn, ó lè di olówó, ó lè má sì padà wá mọ́. Kẹ́hìndé kò mọ èyí tó máa jẹ́. Ara rẹ̀ ló ń gbà là o, kò fẹ́ dá sùn lórí ẹní yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó san Èkó náà. Ó gbé ọkọ̀, ó mú Táíwò, wọ́n gba Igolo bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango gbà wọ́n láti ọ̀sán di alẹ́. Táíwò ní gbogbo ojú ni òun fi wá Ọ̀gá Bello, òun kò rí i, oníbúrẹ́dì àti ọlọ́pàá nìkan ni òun rí. Wọ́n dé Agége, wọ́n sùn lọ́dọ̀ Adúmáadán. Ó ti darúgbó, ó pa adìyẹ fún wọn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ajá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, gbogbo wa ti wà lẹ́yìn ilé. Ìyá Ìbejì ní, "Kí ni Adúmáadán sọ?"

Kẹ́hìndé tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa. Ó ní, "Màmá, ó kí yín púpọ̀. Ó ní òun ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, pé ẹ ṣeun tí ẹ..."

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí i. "Ìwọ, pa ẹnu rẹ mọ́. Táíwò, ìwọ ni kó sọ fún mi."

Táíwò ní, "Ó ní Bournvita tí ẹ ṣí lọ́jọ́ yẹn, síbí mẹ́ta ló ti dín."

"Irọ́ ni!" Ìyá Ìbejì dìde tòun ti orúnkún. "Síbí méjì ni!"